Ọmọ Tí Kò Ké Lọ́jọ́ Ìbí

Bí ọmọ bá ti inú ìyá rẹ̀ jáde tí ìwọ́ lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, orúkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó ti oko dé. Òjò ni bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná ni bí ó bá jẹ́ obìnrin. Èyí tí ó bá sì fi ẹsẹ̀ ṣáájú wọ ayé, Ìgè ni. Àwọn baba wa kò fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Wọ́n ti kíyè sí i pé ọ̀nà tí ọmọ gbà wá tó ohun tí a ń rántí títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, nítorí pé lẹ́nu ọ̀nà tóóró náà ni ikú àti ìyè ti máa ń pàdé. Kì í ṣe pé gbogbo Òjò ni ewu ń dojú kọ; ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ìwọ́ lọ́ mọ́ lọ́rùn ni ó ń balẹ̀ ní àlàáfíà. Igbe ọmọ ni àwọn àgbà ń tẹ́tí sí. Bí igbe náà bá ti sọ, ara tu gbogbo ilé.

Ṣùgbọ́n kí ni ká ti wí nípa ọmọ tí kò ké? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, a sì bẹ̀ yín, àti ọkùnrin àti obìnrin, kí ẹ fi sùúrù kà á, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ̀bí nìkan.

Gbogbo ẹni tí ó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìbímọ rí ni ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí à ń wí. Ọmọ ti bọ́ sílẹ̀, ó rọ bí aṣọ tí a rẹ sómi, ara rẹ̀ dúdú kọjá bí ó ti yẹ tàbí kí ó funfun bí eérú. Àwọn kan yóò dì í lẹ́sẹ̀ méjèèjì mú, wọn yóò dorí rẹ̀ kodò, wọn yóò sì máa gbá a ní ìdí. Àwọn mìíràn yóò bu omi tútù dà á lára. Àwọn ẹlòmíràn yóò fi ọtí sẹ́nu, wọn yóò fẹ́ ẹ sí i lójú. Nígbà tí ó bá yá, bí orí bá bá a ṣe é, ọmọ náà yóò mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò tún mí, yóò sì kérora díẹ̀. Ariwo ayọ̀ a sọ. Gbogbo ènìyàn a gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Kò parí. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ọmọ kò lè fa ọmú. Gìrì mú un. Ó ń sun oorun tí a kò lè jí i. Bí ó bá là á já, oṣù mẹ́fà kọjá, ọrùn rẹ̀ kò dúró. Ọdún kan kọjá, kò jókòó. Nígbà náà ni àwọn ẹbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tí ó ṣe é.

Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kan. Kí n tó di ẹni tí ń fi gègé jẹun, olùkọ́ ni mo jẹ́, mo sì ní ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi tí kì í tètè dé. Mo nà án títí, kò yí padà. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lára mi. Ní ọjọ́ kan mo tẹ̀lé e dé ilé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, ni mo bá lórí ẹní. Kò lè gbé orí, kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ká gírígírí mọ́ àyà. Ọmọkùnrin yìí ni ó máa ń bá ìyá rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, tí ó sì máa ń fún un lẹ́kọ mu láràárọ̀ kí ó tó wá sí ilé-ìwé. Ìyá náà wí fún mi pé òru méjì ni òun fi rọbí ọmọ náà, pé ìgbà tí wọ́n ti sọ̀rètí nù ni ó tó mí. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí ó lóyún, pé níbẹ̀ ni ohun burúkú ti bá a. Ó wò mí lójú, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?”

N kò mọ ohun tí n ó sọ. Mo ní kí ó ní sùúrù, mo sì bá tèmi lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ ẹ́ ní gbèsè èsì, ohun tí mo sì kọ sísàlẹ̀ yìí ni mo ní láti fi san án.

Ọpọlọ ènìyàn kò wúwo. Bí a bá pín ara àgbàlagbà sí ọ̀nà 100, ọpọlọ kò ju 2 lọ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọ́síjìn tí ara ń lò, èyíinì ni apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé ẹ̀mí ró, ọpọlọ nìkan ni ó ń gba bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹran ẹsẹ̀ lè ṣe wákàtí kan láìrí i kí ó má kú. Ọpọlọ kò lè fara dà á ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọmọ inú oyún kì í sì í fi imú mí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ń gbé ọ́síjìn wá sí ibi ọmọ, ìwọ́ ni ó sì ń gbé e láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá dí ọ̀nà yìí ni ó pa ọmọ lẹ́mìí. Nígbà mìíràn ìwọ́ a ṣáájú ọmọ jáde, orí ọmọ a sì tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà mìíràn ibi ọmọ a já kúrò ní ààyè rẹ̀ kí àkókò tó tó, tàbí kí ilé-ọmọ fàya. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àti gìrì aboyún wà níbẹ̀. Ìrọbí tí ó pẹ́ jù wà níbẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ilé-ọmọ bá súnkì ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ń há, ìgbà tí ó bá dẹwọ́ ni ọmọ tó ń rí èémí gbà. Bí ó bá sì wá di òru méjì, níbo ni ọmọ yóò ti rí agbára? Abẹ́rẹ́ tí ń mú ìrọbí yá náà wà níbẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ bá gún un fún aboyún.

Ẹ wo àwọn ohun tí mo kà yìí dáadáa. Kò sí oòrùn ọ̀sán níbẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá.

Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ èyí. Ohun tí wọn kò tètè mọ̀ ni pé ọpọlọ ọmọ kì í kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 1952, obìnrin dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Virginia Apgar, kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí a ti ń fi àmì márùn-ún wọn ọmọ tuntun: bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù, bí ó ti ń mí, bí ara rẹ̀ ti le sí, bí ó ti ń dáhùn bí a bá fọwọ́ kàn án, àti àwọ̀ rẹ̀. Máàkì 2 ni ó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn máàkì, ìdí nìyí tí ọ̀nà obìnrin yìí fi wọ̀ mí lọ́kàn. A ń fún ọmọ ní máàkì ní ìṣẹ́jú kìíní, a sì tún ń fún un ní ìṣẹ́jú karùn-ún. Títí di òní olónìí ni wọ́n ń lò ó káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n máàkì kì í ṣe ìwòsàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tí ó bá gba máàkì tí kò dára, tí wọ́n sì ti bá a fẹ́ atẹ́gùn títí tí ó fi mí, wọ́n á tẹ́ ẹ síbi tí ó móoru, wọ́n á sì máa wo ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe.

Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, Osmund Reynolds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ ńlá tí ń lo agbára mágnẹ́ẹ̀tì wo ọpọlọ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí láì la orí wọn. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti mí, agbára inú ọpọlọ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ènìyàn á rò pé ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, agbára náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ń mí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ déédé. Bí ó bá ti jò tó ni abùkù ọmọ náà ṣe ń pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi iná ṣe àpèjúwe. Iná sọ nínú ilé koríko, àwọn aládùúgbò sáré pa á, gbogbo wọn sì lọ sùn. Ẹ̀ṣẹ́ná kan wà lábẹ́ eérú tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ó di ọ̀gànjọ́, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó tún ràn, èyí tí ó sì jó lẹ́ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ọpọlọ. Àárín iná àkọ́kọ́ àti iná kejì, wákàtí bíi mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀ tí ènìyàn fi lè ṣe nǹkan kan. Kí ni a ó wá fi pa ẹ̀ṣẹ́ná abẹ́ eérú?

Òtútù ni. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun pátápátá. Ní Swídìn, láàárín ọdún 1950 sí 1960, dókítà kan tí ń jẹ́ Björn Westin ń ri àwọn ọmọ tí kò mí sínú omi tútù títí wọn yóò fi mí, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1959. Ó bọ́ sí àkókò tí kò dára fún un. Ní ọdún tí ó ṣáájú, 1958, William Silverman ti fi hàn ní New York pé àwọn ọmọ tí a bí láìtó oṣù ń kú jù bí a kò bá mú ara wọn móoru tó. Òótọ́ ni Silverman sọ, òótọ́ náà sì ti gba ẹ̀mí àìmọye ọmọ là. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé dá ọmọ tí kò tóṣù pọ̀ mọ́ ọmọ tí ó tóṣù tí kò rí èémí, wọ́n sì ti ìwé Westin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ àgùntàn ni a ti tún gbé e dìde. Ní Auckland, ní New Zealand, Alistair Gunn, Peter Gluckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dí ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọpọlọ ọmọ àgùntàn inú oyún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, wọ́n fi omi tútù yí orí àwọn kan ká fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọpọlọ àwọn tí a mú tutù yè ju ti àwọn yòókù lọ lọ́nà tí ojú rí. Ọdún 1997 ni èyí. Nígbà tí ó di 1998, wọ́n ti fi fìlà omi tútù sí àwọn ọmọ ènìyàn lórí, wọ́n sì rí i pé kò pa wọ́n lára.

Ìdánwò ńlá dé ní ọdún 2005. Ní Amẹ́ríkà, Seetha Shankaran àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó ọmọ 208 jọ, gbogbo wọn ti tóṣù, gbogbo wọn ni èémí ti wọ́n lára nígbà ìbí. Wọ́n fi bí ẹni ṣẹ́ kèké pín wọn sí méjì kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́. Wọ́n tọ́jú apá kan bí wọ́n ti ń tọ́jú wọn tẹ́lẹ̀; wọ́n tẹ́ apá kejì lórí ibùsùn omi, kí wákàtí mẹ́fà tó pé lẹ́yìn ìbí wọn, wọ́n sì mú ara wọn wálẹ̀ sí 33.5 dígírì fún wákàtí 72. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá jẹ́ kí ó gbóná padà díẹ̀díẹ̀, kì í ju ààbọ̀ dígírì lọ ní wákàtí kan. Nígbà tí àwọn ọmọ náà tó bí ọmọ ọdún méjì, nínú gbogbo 100 tí a kò mú tutù, 62 ni ó ti kú tàbí tí ó ní abùkù tí ó lágbára. Nínú 100 tí a mú tutù, 44 ni. Wọ́n tún ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní àwọn ibòmíràn. Ní ọdún 2013 wọ́n kó mọ́kànlá nínú wọn jọ, ọmọ 1,505, wọ́n sì rí i pé bí a bá fi òtútù tọ́jú ọmọ méje, ọ̀kan ni yóò yẹ ikú tàbí abùkù ńlá tí ìbá dé bá a. Ẹni tí kò bímọ rí lè wí pé ọ̀kan nínú méje kò tó nǹkan.

Títí di ibi tí a dé yìí, ìròyìn ayọ̀ ni. Bí mo bá dáwọ́ dúró níhìn-ín, n ó ti ṣe ìpalára ju ore lọ, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ká ìwé ìròyìn yìí, yóò gbé e lọ bá ìyá àgbà kan tí ń gbẹ̀bí ní àdúgbò, yóò ní, “Ẹ ò rí i bí, Màmá! Àwọn òyìnbó ti gbà pé omi tútù tí ẹ̀ ń dà sọ́mọ lára dára.”

Rárá o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi yé.

Omi tí a dà sára ọmọ tí kò tí ì mí kì í ṣe ìtọ́jú rárá. Ọmọ tí kò mí, èémí ni ó ń fẹ́. Ìṣẹ́jú tí a fi ń wá omi ni ọpọlọ fi ń kú. Òtútù tí àwọn dókítà wọ̀nyí ń lò, ìgbà tí ọmọ bá ti mí tán ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òṣùwọ̀n wà nínú ara ọmọ náà tọ̀sán tòru, wọn kò jẹ́ kí ó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń báni mí wà nítòsí. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, nọ́ọ̀sì kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ooru ara ọmọ bá bọ́ sísàlẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dì bí ó ti yẹ, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa lù ségesège. Ọmọ tí kò tóṣù kò sí lára àwọn tí a ń ṣe é fún rárá.

Èyí tí ó tún bani lẹ́rù jù nìyí. Àwọn dókítà ronú pé bí òtútù bá ń gba ọmọ là ní Lọ́ńdọ̀nù, ó yẹ kí ó gba ọmọ là ní àwọn ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù. Sudhin Thayyil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní ilé-ìwòsàn ńlá méje ní Íńdíà, Bangladesh àti Sri Lanka. Ọmọ 408 ni wọ́n kó jọ. Kì í ṣe ilé-ìwòsàn abúlé ni wọ́n ti ṣe é, àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n sì ní òye ni. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Nínú 100 ọmọ tí a mú tutù, 42 ni ó kú. Nínú 100 tí a kò mú tutù, 31. Ohun tí ń gba ọmọ là níbìkan ń pa ọmọ níbòmíràn.

Kí ló fà á? Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí náà fúnra wọn ronú lọ́nà púpọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a bí sí ibòmíràn kí a tó gbé wọn wá. Ó sì ṣeé ṣe kí ìyà tí ó jẹ ọpọlọ wọn yàtọ̀: kì í ṣe pé ọ̀nà èémí dí lójijì, bí kò ṣe pé ó ń há, ó ń là, fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ìrọbí tí ó pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí iná kejì ti ràn tán kí a tó bí ọmọ náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wákàtí mẹ́fà tí à ń sọ ti kọjá kí ọmọ tó rí ìmọ́lẹ̀ ayé. Ó dá mi lójú pé ẹni tí ó bá mọ bí ìrọbí ti ń pẹ́ tó ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà yóò rí ara wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, ilé-ìwòsàn tí kò bá ní gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè, kò gbọdọ̀ fi òtútù dán ọmọ ọlọ́mọ wò.

Wọ́n ti wá oògùn tí yóò ran òtútù lọ́wọ́. Wọ́n dán erythropoietin wò lára ọmọ 500 ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, kò fi ohunkóhun kún un. Àwọn mìíràn ṣì ń bẹ lórí àtẹ ìwádìí; ẹ jẹ́ ká fi wọ́n síbẹ̀.

Kí ni ó wá kù fún wa? Ohun tí ó kù fún wa pọ̀ ju èyí tí a kò ní lọ, ìṣẹ́jú kìíní ni ó sì wà. Nínú ọmọ 100 tí a bí, bí 10 ni ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mí, púpọ̀ nínú àwọn 10 yìí ni kò sì fẹ́ ju kí a fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n dáadáa, kí a sì fi ọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò bá mí síbẹ̀ ni a ó fẹ́ atẹ́gùn fún. Ohun èlò tí a fi ń ṣe é kò ju rọ́bà onífùkẹ̀ kan lọ, tí a so mọ́ ìbòmú kékeré tí ó bo imú àti ẹnu ọmọ pọ̀. A ó máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, nǹkan bí ìgbà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, a ó sì máa wò ó bóyá àyà ọmọ ń gbéra. Kò fẹ́ iná mànàmáná. Kò tilẹ̀ fẹ́ àgbá ọ́síjìn láti fi bẹ̀rẹ̀: Ola Didrik Saugstad ará Norway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn láti ọdún 1998 pé afẹ́fẹ́ lásán tí gbogbo wa ń mí tó fún púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ó tóṣù.

Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn gbé ẹ̀kọ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Helping Babies Breathe. Ọmọláńgidi ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí, kí ọwọ́ wọn lè mọ iṣẹ́ náà kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé. Wọ́n kọ́ ọ ní ilé-ìwòsàn mẹ́jọ ní Tànsáníà, ikú àwọn ọmọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì: 47 nínú gbogbo 100 tí ìbá kú ni kò kú mọ́. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde. Rọ́bà, aṣọ gbígbẹ, àti ọwọ́ tí ó ti kọ́ṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe èyí.

Fún ọmọ tí ó pẹ́ kí ó tó mí, ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Bí kò bá lè fa ọmú, bí ara rẹ̀ bá rọ jù, bí ojú rẹ̀ bá ń yí tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ilé-ìwòsàn ńlá ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọn yóò dá gìrì náà dúró, wọn yóò rí sí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀, nítorí pé ebi tún ń pa ọpọlọ tí ó ti rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òtútù mú un lójú ọ̀nà. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó gbóná jù: àwọn tí wọ́n ṣe ìdánwò 2005 padà wo ìwé wọn, wọ́n sì rí i pé lára àwọn tí a kò mú tutù, àwọn tí ara wọn gbóná jù ni abùkù àti ikú pọ̀ lára wọn jù. Àárín 36.5 sí 37.5 dígírì ni ààyè ọmọ tuntun. Kí a wé aṣọ mẹ́rin mọ́ ọmọ ní oṣù Ẹrẹ́nà, kí a tún tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, àṣejù ni.

Mo ti dárúkọ òkè òkun tó. Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ìwádìí ńlá tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 39 ni kì í pé oṣù kan. Ìwádìí kan náà sọ pé nínú ìbí 100, 39 péré ni ó wáyé ní ilé-ìwòsàn. Ìhà wa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn sàn ju ìhà àríwá lọ nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn yìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí yangàn. Ìyá tí a gbà sí ilé-ìwòsàn tí kò sí ẹni tí yóò wò ó láti alẹ́ di òwúrọ̀, níbo ni ó sàn ju ilé lọ? Àwọn ìyá àgbà tí ń gbẹ̀bí nílé kò sì ní kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́la. A kò bá wọn jà. Bí a bá kọ́ wọn láti nu ọmọ gbẹ, kí wọ́n má ṣe dorí rẹ̀ kodò, kí wọ́n má ṣe da omi sí i, kí wọ́n sì gbé ìyá lọ sí ilé-ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́ lórí ìrọbí tí kò lọ síwájú, àwa àti wọn ti jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà nìyẹn.

Obìnrin inú ìtàn mi kò tí ì ka ìwé ìròyìn rí, nítorí náà mo ti ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ti di géńdé báyìí, ka àwọn ìlà tí ó kan án fún un: kì í ṣe ohun tí ó ṣe, kì í ṣe ibi tí ó rìn dé. Òru méjì ni.

Ìbéèrè wa ku ọ̀kan, ó sì di ọwọ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ìlera. Nínú gbogbo ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí ó wà lábẹ́ yín, mélòó ni rọ́bà kékeré náà wà lórí tábìlì níbi tí ọwọ́ agbẹ̀bí ti lè tó o lóru, mélòó ni ó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ọ̀gá ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé? Ẹ kọ èsì ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ síbí yìí láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.